Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ni Ìlérí Náà Dè?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi Jésù, oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kí ó máa bá yín gbé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ewé yìí. Mo ti pa á tì. Láti àárín ọ̀sẹ̀ ni ẹsẹ Bíbélì kan ti gba gbogbo ọkàn mi, nítorí irú ohùn tí mo gbọ́ pé a fi kà á. Jẹ́nẹ́sísì orí 8, ẹsẹ 22 ni: "Níwọ̀n ìgbà tí ayé yóò wà, ìgbà irúgbìn, àti ìgbà ìkórè, ìgbà òtútù àti ooru, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò, àti ọ̀sán àti òru, kì yóò dẹ́kun." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni Olúwa fi ẹsẹ yìí ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí a ti kà á lọ́sẹ̀ yìí mọ̀ pé a kò fi tu ẹnikẹ́ni nínú. Òbí kan ló kà á mọ́ tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ìyípadà ojú ọjọ́, ó ní èéfín wa kò lè yí ojú ọjọ́ padà, ó sì pe tíṣà náà ní aṣojú Èṣù.

Ẹsẹ 22 kò dá dúró. Ẹ ṣí i padà sí ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Nóà ti jáde nínú ọkọ̀, ó ti tẹ́ pẹpẹ, ó ti rú ẹbọ sísun. Olúwa sì sọ ní ọkàn Rẹ̀ pé Òun kì yóò tún fi ilẹ̀ ré mọ́ nítorí ènìyàn, Òun kì yóò sì tún kọlu gbogbo ohun alààyè bí Òun ti ṣe. Ta ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Ọlọ́run ni. Ta ni ẹ̀jẹ́ náà dè? Ọlọ́run náà ló fi de ara Rẹ̀. Nóà kò la ẹnu sọ ohunkóhun. Ẹ ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí ibi tí ènìyàn ti ṣèlérí pé òun náà kò ní ba ilẹ̀ jẹ́. Àárín ẹ̀jẹ́ yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti sọ pé ibi ni èrò ọkàn ènìyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Ó mọ irú ọwọ́ tí Òun ń fi ayé lé. Nítorí náà, ẹni tó bá di ẹsẹ yìí mú, tó ní kò sí èéfín tí a lè rú sójú sánmà tó lè yí ojú ọjọ́ padà, ó ti gba ẹ̀jẹ́ tí Ọlọ́run jẹ́, ó sì sọ ọ́ di ìwé àṣẹ fún ara rẹ̀.

Mo tún padà sí ẹsẹ náà, mo ń bi ara mi pé: kí ni a ní kò ní dẹ́kun? Òjò kò ní dẹ́kun, ẹ̀ẹ̀rùn kò ní dẹ́kun, ooru òun òtútù kò ní dẹ́kun. A kò kà á níbẹ̀ pé òjò yóò máa dé lásìkò tí àwọn baba wa mọ̀ ọ́n mọ́. A kò kà á pé ooru kò ní ju bó ṣe wà lọ. Láti ìgbà Nóà, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, àkúnya omi ti gbé ènìyàn lọ, ebi ti pa odidi ilẹ̀ nígbà Jósẹ́fù, ìlérí náà kò sì yẹ̀. Kí ìgbà má dẹ́kun jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ìgbà má dàrú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ ni Ọlọ́run búra lé lórí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀, kódà bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Ní ọdún 1958, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì kábọ́nì dáyọ́kísáìdì tó wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tí èédú àti epo máa ń tú jáde bí a bá jó wọn, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀ dòní. Nígbà tí wọ́n fi iye tí wọ́n rí ya ìlà sórí ìwé, ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Nígbà tí ewéko bá ń hù ní ìhà àríwá ayé, wọ́n á fa gáàsì náà mu, ìlà á sọ̀. Nígbà tí ewé bá rẹ̀ tó sì ń jẹrà, gáàsì á padà sínú afẹ́fẹ́, ìlà á tún gòkè. Bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Ìgbà irúgbìn àti ìgbà ìkórè nìyẹn, ẹ lè fi ìka tọ̀ ọ́ lórí ìwé! Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí pé Jẹ́nẹ́sísì 8:22 ni mo ń wò.

Ṣùgbọ́n ìlà kan náà, pẹ̀lú gbogbo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀, ń ga ju ti èṣí lọ. Nígbà tí Keeling bẹ̀rẹ̀, nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, gáàsì yìí kó nǹkan bíi 315. Ó ti lé ní 420 báyìí. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú, nǹkan bíi 280 ni. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òótọ́ lórí ìwé kan náà: ìgbà kò dẹ́kun, ọwọ́ wa sì ń yí ayé padà. Tíṣà tó bá ya ìlà yìí sójú pátákó kò bá Jẹ́nẹ́sísì jà. Ó ń fi han àwọn ọmọ pé Ọlọ́run pa tirẹ̀ mọ́, àwa ni a kò pa tiwa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, fi gáàsì yìí sínú ìgò gbọọrọ kan, ó fi afẹ́fẹ́ lásán sínú èkejì, ó ki tẹmọ́mítà bọ inú méjèèjì, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tó ní gáàsì náà gbóná ju èkejì lọ, nígbà tó sì gbé e kúrò nínú oòrùn, ó pẹ́ gan-an kó tó tutù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wa náà nìyẹn: ooru tó yẹ kó fi ilẹ̀ sílẹ̀, gáàsì yìí kò jẹ́ kó lọ tán. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ayé ti fi ohun tó ju ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan lọ gbóná sí i. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ní iṣẹ́ àwọn aláìgbàgbọ́ ni: ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí yìí láti 1988 fún IPCC, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ìwádìí lórí ojú ọjọ́ wò, ni John Houghton, ará Wales, Kristẹni tí kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni títí Olúwa fi pè é ní 2020.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi baba wàyí.

Mo ti di ìwé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa mú lọ́wọ́. Ó fi rúlà ya ojú ìwé sí mẹ́ta: ọjọ́, ooru, òjò. Láràárọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń jáde lọ wo tẹmọ́mítà tó wà lára ògiri àti ìgò tí wọ́n fi ń gba omi òjò. Níbi tó ti ṣì í kọ, kò fi rọ́bà pa á. Ó fa ìlà kan gba inú rẹ̀ kọjá, ó kọ iye tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé ohun tí èèyàn bá ti rí tó sì kọ, kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ó kọ òdo síbẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ lásán. Ojú ewé tó tẹ̀lé e kò sí nínú ìwé náà mọ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ kèfèrí wo ló wà nínú ohun tí ọmọ yẹn kọ? Òfin kẹsàn-án ló ń kọ́: ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké. Nígbà tí ara ọmọ yín bá gbóná lóru, ẹ ó ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ lábíyá, ẹ ó sì gba ohun tó bá sọ gbọ́ láìbi í bóyá onígbàgbọ́ ló ṣe é. Kí ló dé tí ẹ̀rí rẹ̀ fi di irọ́ nígbà tó jẹ́ pé ara ayé ni a ki í bọ̀?

Bìlísì náà ka ìwé mímọ́. Ó gbé Olúwa wa sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ka ìlérí òtítọ́ fún Un láti inú Orin Dáfídì, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé E sókè. Jésù kò sọ pé irọ́ ni ìlérí náà. Ó ní, "Ìwọ kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run rẹ wò." Ẹni tó bá ń fi ìlérí Ọlọ́run gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe tí Ọlọ́run kan náà gbé lé e lọ́wọ́, ẹ mọ orí ibi tó dúró sí. Ènìyàn kò tí ì ṣẹ̀ ní ọgbà Édẹ́nì nígbà tí a ti ní kó máa ro ó kó sì máa ṣọ́ ọ. Báwo ni ọmọ yóò ṣe ṣọ́ ohun tí a kò jẹ́ kó mọ̀?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbẹ̀, ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọlúàbí ènìyàn ní aṣojú Èṣù níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́, ẹ sì ń wo ilẹ̀. Ọmọ kan wá bi mí lẹ́yìn náà pé, "Bàbá, ta ló ń purọ́, tíṣà wa àbí Bíbélì?" Ọmọdé kò yẹ kó dé irú oríta bẹ́ẹ̀. Àwa ni a mú un débẹ̀. Ohun tí Olúwa wa sọ nípa ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn ẹni kékeré wọ̀nyí kọsẹ̀, ẹ lọ kà á fúnra yín ní Máàkù orí 9, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ yìí yọ àwọn ọmọ lẹ́nu jù, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, yẹ ìlànà ẹ̀kọ́ 100 orílẹ̀-èdè wò ní 2021, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò dárúkọ ìyípadà ojú ọjọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Paris ní 2015 ti ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ítálì kéde ní 2019 pé yóò di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni nínú onírúurú iṣẹ́ kíláàsì ní 2022. Ọ̀nà ṣì jìn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àárín wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹ̀rù kọ́ wọn. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ayé ti bàjẹ́ tán kò ní sùn, kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́ wọn pé òjò ọjọ́ kan tàbí ooru ọ̀sẹ̀ kan kò tó ẹ̀rí, pé nǹkan bí 30 ọdún ni àwọn onímọ̀ máa ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí. Ẹ fún ọwọ́ wọn níṣẹ́: igi tí wọ́n á gbìn tí wọ́n á sì bomi rin títí yóò fi gbó, pàǹtírí tí wọ́n á ṣà sọ́tọ̀, iná tí wọ́n á pa nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ọmọ tó bá rí i pé ọwọ́ òun tún nǹkan ṣe, ìrètí á wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mi ò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni jáde. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló wà nídìí ìbínú yẹn. Òbí tó ń bẹ̀rù kí a má ṣe gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ọmọ òun, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mo sì ti bá a gbàdúrà lórí ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ má ṣe yẹra fún un lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ má ṣe fi ojú burúkú wò ó. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún un lọ́sàn-án àti lóru, bó bá sì fẹ́ kí a jọ lọ sí ilé tó yẹ kí ó lọ, màá bá a lọ, màá sì jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.

Ìwọ tí a kàn lábùkù lórí iṣẹ́ rẹ, ìjọ yìí nífẹ̀ẹ́ rẹ. Padà sí kíláàsì rẹ. Àwọn ọmọ ń béèrè rẹ.

ÌKÉDE: Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kò ní wáyé ní Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó di ọjọ́ Ẹtì, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ tó bá nílò ìwé tuntun láti fi da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, kó wá gbà á ní ọ́fíìsì, a kò ní béèrè ìdí. Àwọn àgbààgbà ìjọ, ìpàdé wa ti ọjọ́ Sátidé jẹ́ dandan fún gbogbo yín. Ẹgbẹ́ akọrin yóò dánrawò ní Ọjọ́rú. Ẹ̀yin tí ẹ yá àga ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi.