Ṣé O Ti Fojú Ara Rẹ Rí Obìnrin Náà?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí fóònù rẹ ń dún tí o kò gbé e. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná, àbúrò rẹ ti ṣe ìdánwò tán, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà bí ìbejì. Kì í ṣe tìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Wọ́n ní o gba góòlù láwìn fún ìyàwó olóyè kan. Ọ̀rẹ́ rẹ ló wà láàárín, ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé. Ṣé o ti fojú ara rẹ rí obìnrin náà? Kì í ṣe àwòrán orí fóònù o.

Ṣé o rántí Kádínà Rohan, àgbà àlùfáà Kátólíìkì ní ilẹ̀ Faransé, tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe tíṣà, tí ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín? Oníṣòwò méjì ní Paris, Boehmer àti Bassenge, to dáyámọ́ńdì 647 sí ẹ̀gbà ọrùn kan, kí Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún lè rà á fún àlè rẹ̀, Madame du Barry. Ilẹ̀ gbígbóná mú ọba lọ ní 1774, ọjà kú sí wọn lọ́wọ́. Marie Antoinette, ayaba tuntun, lóun ò rà. Ni oníjìbìtì kan, Jeanne de la Motte, bá lọ bá Kádínà: ayaba fẹ́ ẹ̀gbà náà ní kọ̀rọ̀, kó bá a gbà á láwìn, livre (owó Faransé ayé ìgbà náà) 1,600,000, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa san án. Kádínà kúkú ti “rí” ayaba. Lóru kan nínú oṣù kẹjọ 1784, nínú ọgbà ààfin Versailles, Jeanne ti wọ ọmọbìnrin kan, Nicole d'Oliva, láṣọ bí ayaba. Òkùnkùn ni Kádínà rí!

Ìwé tí wọ́n gbé wá, “Marie Antoinette de France” ló wà nídìí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orúkọ àbísọ nìkan ni ayaba Faransé fi ń fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ ilé ńlá ni Kádínà, ó yẹ kó mọ̀. Ẹ̀gbà délé Jeanne, wọ́n tú u palẹ̀, ọkọ rẹ̀ kó òkúta lọ tà ní London. Ilé ẹjọ́ dá Kádínà sílẹ̀ ní 1786. Ayaba tí kò fọwọ́ kàn án ni ẹnu aráyé kò fi sílẹ̀.

Ṣé o ti rí i, Àbẹ̀kẹ́? Olórí kunkun! Ta ló bí ọ ná?

Èmi ni. Ọdún tí o jókòó sílé lẹ́yìn oníwèé mẹ́wàá, tí mo ní àìsàn bàbá yín ló gbówó lọ, irọ́ ni mo pa. Góòlù ni mo gbà láwìn fún obìnrin kan tí n kò rí rí. Bàbá yín gbọ́ tí mò ń sọ ọ́ níwájú yín, kò já mi. Àpótí pupa kékeré abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí o máa ń bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, òfìfo ni.

Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?

Gbé fóònù. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mo ti ní kí oníṣẹ́ páànù ṣì dúró. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ