Gúlóòbù tánkì ẹja ẹ: má wo nọ́ńbà nìkan

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tó o ti ní tánkì ẹ dà bíi wọ́ọ̀dù ọsibítù lóru. Má bínú jàre, ohun tó ṣe ẹ yẹn ti ṣe èmi náà rí ni. Ewéko ò kú, ẹja ò kú, omi mọ́ lóló, àmọ́ tó o bá ti tan iná sí i gbogbo ẹ̀ á kàn funfun báláú, ohun tó yẹ kó pupa ò ní pupa, ewé náà á wá rí bíi èyí tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

O ní 10,000K ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, o sì rò pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni iná á ṣe dáa tó. Rárá o! K yẹn, ìyẹn Kelvin, ò sọ bí iná ṣe lágbára tó, àwọ̀ iná yẹn fúnra ẹ̀ ló ń sọ, nọ́ńbà kékeré ló ń pọ́n, nọ́ńbà ńlá ló ń lọ sí búlúù. Nǹkan bíi 3000K máa rí yẹ́lò bíi gúlóòbù àtijọ́ yẹn, 6500K sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, tó bá ti di 10,000K búlúù ti wọnú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Tìẹ ò bà jẹ́, búlúù ẹ̀ ló kàn pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n kó o tó sáré lọ ra 6500K, gbọ́ eléyìí ná. Gúlóòbù méjì lè jẹ́ 6500K, kí ọ̀kan mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀ kí èkejì sì jẹ́ kó rẹ̀ wẹ̀sì, torí Kelvin ò sọ àwọn àwọ̀ tó kóra jọ sínú iná yẹn fún ẹ. Bíi ká sọ pé èèyàn méjì ga bákan náà, ṣé ìyẹn ní kójú wọn jọra ni? Àwọ̀ tó bá wà nínú iná tó o tàn sí ewé ló máa dá padà sójú ẹ, tí pupa ò bá sí níbẹ̀ dáadáa, ewéko inú omi bíi Ludwigia tàbí Alternanthera tó pọ́n tó yẹn á kàn rí bíi ewé gbígbẹ ni. Ohun tó o máa wá lára páálí ni CRI, nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe yẹ tó, 100 ni òpin ẹ̀, èmi ò kì í ra èyí tí kò bá tó 90 mọ́. Kódà ìyẹn náà ní ọgbọ́n nínú, àwọ̀ 8 ni wọ́n ń dà pọ̀ kí wọ́n tó rí nọ́ńbà CRI yẹn, pupa tó pọ́n fòò ò sì sí lára wọn, R9 ni wọ́n ń pe tiẹ̀, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, tí wọ́n bá kọ ọ́ rárá.

Èmi ní tèmi, ẹni tó tajà fún mi nígbà yẹn ní kí n ra gúlóòbù píǹkì tí wọ́n fi ń tọ́jú ewéko, ó ní òun lewéko fẹ́ràn. Òótọ́ ni pé ewé máa ń gba pupa àti búlúù dáadáa, àmọ́ ojú tèmi ńkọ́? Gbogbo yàrá di pọ́pù! Ẹja tó pọ́n wá ń tàn yanranyanran, ṣùgbọ́n ewé dúdú kirikiri torí pé kò sí àwọ̀ ewé tó pọ̀ nínú iná yẹn tó máa dá padà. Inú bí mi, mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ síbì kan. Ọjọ́ kan ni mo ṣàdédé fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ 6500K mi, píǹkì níwájú, funfun lẹ́yìn, háà! Ewé yọ, pupa yọ, ìlà búlúù ara àwọn ẹja neon tetra mi ń kọ mànà. Látìgbà yẹn mi ò fi gúlóòbù kan ṣoṣo tan iná sí tánkì ewéko mi mọ́.

Tó bá jẹ́ LED tó ṣeé yí àwọ̀ ẹ̀ lo ní, dín búlúù kù díẹ̀, kó o wá fi pupa kún un díẹ̀díẹ̀, kó o sì fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì kó o tó sọ pé kò dáa, ojú máa ń mọ́ra. Má ra actinic o, gúlóòbù búlúù 420 nm yẹn (nm, ìyẹn nanometer, ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ti àwọn tó ń sin coral, iyùn inú òkun, nìyẹn. Igi tó o ní o fi sómi náà ńkọ́, ṣé kò tíì sọ omi di bíi tíì? Tó bá ti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, búlúù ló ń jẹ, iná tó dáa gan-an á kàn máa rí yẹ́lò, o lè fi activated carbon, èédú tó ń fa ìdọ̀tí inú omi, sínú fíltà kó fà á kúrò.

Ti pé ewéko á dàgbà, má da ara ẹ láàmú, wọn ò yan àwọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí iná ṣe lágbára tó àti wákàtí tó o fi ń tàn án ló ṣe pàtàkì sí wọn jù. Má jẹ́ kó ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, algae, nǹkan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára gíláàsì yẹn, òun náà fẹ́ràn iná. Lumen tó pọ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó, tí wọ́n fi ń fa ojú wa mọ́ra yẹn, ojú èèyàn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àwọ̀ ewé tó wà ní bíi 555 nm lojú wa sì ń rí jù, kì í ṣe ewéko ni wọ́n ṣe é fún.

Tó o bá fẹ́ fèsì, má wulẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́, fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Kàn jókòó síwájú ẹ̀ lálẹ́ kó o kọ ọ́ fún mi bí ewéko Rotala ẹ yẹn ṣe rí, ṣé ó ti pọ́n àbí wọ́ọ̀dù ọsibítù la ṣì wà.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ oní-tánkì-píǹkì