P.O.P. Tèmi Kì Í Ṣe Ti Àjà

Sí Olóòtú,

Okun o! Bí àwa ará Kàbà ṣe ń kíra wa nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ nílé pé iṣẹ́ P.O.P. ni mo fẹ́ lọ kọ́, àbúrò bàbá mi ní kí n tètè kọ́ ọ tán, nítorí àjà pálọ̀ àwọn ti ń já. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ti eegun ni." Wọ́n wò mí títí. "Teguntegun lo fẹ́ dà?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìgbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbobi l'Ékòó ni èmi náà tó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi P.O.P., báńdéèjì ẹlẹ́fun tó ń gan bí omi bá kàn án, di ibi tí eegun ti kán lọ. Àwọn ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì lọ́dọ̀ wa, dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ń lé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà ò yéé ṣubú lọ́nà Kàbà sí Ọbájànà.

Ẹni tó bá ń wò wá á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀: òwú, báńdéèjì, omi, ó parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, omi gbígbóná ni mo bù. Kí n tó tẹ́ ẹ dáadáa, ó ti gan pa. Ọ̀gá mi ní kí n gé e kúrò, kí n tún un ṣe. Ọmọ tó ni apá ń sunkún, díẹ̀ ló kù kí n bá a sun ún. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ nítorí pé orí ìka ni mo fi gbá a mú. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e nígbà tó ṣì tútù. Ibi tí ìka bá tẹ̀ wọnú lè dá egbò sí aláìsàn lára lábẹ́ ibẹ̀.

Ìyá kan láti apá Ìjùmú ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Òru méjì ni wọ́n fi jẹ̀rora nínú P.O.P. tó há mọ́ wọn, ìka wọn wú, ó tutù, wọ́n ní àwọn rò pé bó ṣe ń dunni ni eegun fi ń so. Kíá la la P.O.P. náà sí méjì, Ọlọ́run sì ṣe é, ìka padà sípò. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí aláìsàn lọ láìjẹ́ pé mo tẹ èékánná rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀. Mo sì ń sọ fún un pé bí ìrora bá ń le sí i, tàbí tí ìka kú tipiri, òru náà ni kó padà wá, kó má dúró de ọjọ́ tí a dá fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ gbólóhùn yẹn.

Àbúrò bàbá mi ṣì ń retí àjà wọn.

Èmi ni,
Ọmọ iṣẹ́ P.O.P., Kàbà