Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí líǹkì owó aṣọ yín kò fi ṣí

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú sùúrù.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù ilé ìtajà kò ti sinmi. Oníbàárà wa kan ní London tiẹ̀ kọ̀wé pé gbájú-ẹ̀ ni wá. Ọdún 11 ni mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta níbí, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Bí ẹ bá yan aṣọ lórí ìkànnì wa, kì í ṣe ènìyàn ló ń kọ ìwé owó tó ń bá yín nínú ímeèlì. Ètò kékeré kan ló ń jí ní aago 2 òru lórí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìkànnì wa ń gbé, tí yóò ka gbogbo ohun tí ẹ yàn, tí yóò sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí oníkálukú pé kó tẹ̀ ẹ́, kó sanwó. Ẹni tó bá san án kó tó di aago 6, aṣọ rẹ̀ á bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ.

Àwọn tí a ń yá sáfà lọ́wọ́ wọn kó wa kúrò lórí ẹ̀rọ kan sí òmíràn lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọn ò sọ fún wa. Wọn ò gbé fáìlì .env wa dání, èyí tí àdírẹ́sì ìkànnì àti páswọ́ọ̀dù wa wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ nínú Laravel, irinṣẹ́ tí a fi kọ́ ìkànnì wa, ni wọ́n mú, wọ́n kọ páswọ́ọ̀dù wa sí i, ó parí. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, ohun tó wà níwájú APP_URL, níbi tó yẹ kí àdírẹ́sì ìkànnì wa wà, ni http://localhost. Ìlà kan ṣoṣo! Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní ìkànnì ń ṣí, nítorí náà kò sóhun tó bàjẹ́.

Lóòótọ́ ni ìkànnì ń ṣí, òun gan-an ni kò jẹ́ ká tètè fura. Bí ẹ bá wá wa lórí fóònù, fóònù yín ló ń dárúkọ ibi tó ń wá fún sáfà. Orúkọ yẹn ni ìkànnì máa ń gbọ́, tí á fi kọ àwọn líǹkì rẹ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n ètò tó ń dá jí lóru, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn fún un, kò gbọ́ orúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá rí nínú fáìlì ni yóò kọ. Localhost yìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 127.0.0.1, "ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀" ló túmọ̀ sí. Ó dà bí ẹni tó kọ lẹ́tà pé "ẹ wá sílé," tí kò kọ àdúgbò, tí kò kọ ìlú. Ilé ara rẹ̀ ni ẹni tó gbà á máa padà sí. Inú fóònù tiyín ni líǹkì náà ti ń wá ṣọ́ọ̀bù wa, ni fóònù bá ń sọ pé òun ò rí i. Kò gbé yín lọ sọ́dọ̀ olè, kò sì mú kọ́bọ̀ yín.

A tún ìlà náà kọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní òru kejì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ní aago 2, mo ń wò ó bí localhost ṣe tún ń jáde lọ sí ímeèlì yín níkọ̀ọ̀kan, n ò sì mọ bí mo ṣe máa dá a dúró. Ètò tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ kì í kú, bó tilẹ̀ ń sùn títí di aago 2; ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó tún ìlà náà kọ. Ohun tó kà tẹ́lẹ̀ ló dì mú, àwa ò sì rántí pa á, ká tún un tàn.

Ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ká jẹ́ kí ètò náà máa lo orúkọ tí ẹni tó wọlé kẹ́yìn fi wá wa. Mo ní rárá. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ yẹn. Olè lè wá, kó dárúkọ ilé tirẹ̀, kí líǹkì owó yín wá máa lọ bá a. N kò ní fi owó yín dán an wò.

Gbogbo rẹ̀ ti gún báyìí. Ṣùgbọ́n a ò ní jẹ́ kí ìwé owó jáde lóru mọ́. Aago 8 àárọ̀ ni yóò máa jáde, lẹ́yìn tí ẹnìkan nínú wa bá ti tẹ líǹkì náà lórí fóònù tirẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé aṣọ ò ní bá ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà lọ mọ́, ó di ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ẹni tó ní òde Àbámẹ́ta. Ẹ bá mi fara dà á.

Gbogbo aṣọ tí ẹ yàn lóru méjèèjì yẹn ṣì wà nílẹ̀, a ò tà á fún ẹlòmíì. Ti oníbàárà wa ní London náà wà níbẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró méjì. Mo ti ká a sínú báàgì, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, Ìtokú, Abẹ́òkúta.