Lẹ́tà sí Ìyá Dámilọ́lá ní Niamey, nípa àwọn ọmọ Màmá Slessor

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Dámilọ́lá,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Dámilọ́lá, mo sì kí gbogbo àwọn ọmọ yín, àwọn tí ẹ bí àti àwọn tí ẹ gbà tọ́. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú ooru. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ọ́: àwọn tí ó rán yín níṣẹ́ ń sọ pé ọmọ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, pé ìwàásù ni àwọn rán yín lọ ṣe, àwọn kò ní kí ẹ lọ ṣí ilé ọmọ aláìlóbìí. O wá ń bi mí bóyá ìgbàgbọ́ ni ẹ fi ń ṣe é tàbí agídí. Èmi kò ní sáré dá ọ láre nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Ìtàn Mary Slessor, míṣọ́nnárì obìnrin ti Calabar, ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn, nítorí pé ilé tirẹ̀ náà kún fún ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí wọn.

Ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n ti bí i ní 1848. Ọmùtí ni bàbá rẹ̀ tí ń ṣe bàtà; ìyá rẹ̀ tí ń hun aṣọ ni ó kọ́ ọ ní àdúrà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Dundee, kí ó tó wá dé Calabar ní 1876. Ohun tí a kọ́ wa ní ilé ìwé ni pé òun ni ó fòpin sí pípa ìbejì, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n gé ìtàn náà kúrú jù, nítorí pé àwọn míṣọ́nnárì tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1846 ti ń bá àṣà náà jà kí ó tó dé. Èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni pé ó kó àwọn ọmọ náà wọ inú ilé ara rẹ̀, ó sì fún wọn ní orúkọ ìdílé rẹ̀. Àwa tí a ń se ẹ̀wà fún ìbejì, tí a ń kì wọ́n ní ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, kò yẹ kí a yára dá àwọn ará ibẹ̀ lẹ́jọ́, nítorí àwọn àgbà wa sọ pé àwọn baba ńlá wa náà bẹ̀rù ìbejì rí.

Èyí tí ó kọ́kọ́ di ọmọ rẹ̀ pátápátá ni Janie, ọmọbìnrin kan nínú ìbejì tí èkejì rẹ̀ kò yè. Orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó sọ ọ́, ó sì gbé e lọ sí Scotland ní 1883. Láàárín ọdún díẹ̀ sí ìgbà náà, ìyá Slessor àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí ó kù kú tán, kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣàníyàn nípa rẹ̀ ní ilé mọ́. Ó gba èyí gẹ́gẹ́ bí àmì pé ọ̀nà ti là fún òun láti wọ inú igbó lọ síwájú. Ní oṣù Kẹjọ 1888, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí Ọba Eyo Honesty Keje ti Creek Town yá a, ó ń lọ sí Okoyong. Ọmọ márùn-ún ni ó kó lọ́wọ́: àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ku nǹkan bíi máìlì mẹ́rin nínú igbó kí wọ́n tó dé abúlé Ekenge. Àwọn ọmọ ń sunkún, òun náà sì ń gbé èyí tí kò lè rìn.

Ìyá Dámilọ́lá, rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ tí ó rán yín níṣẹ́ ni ó wà ní etí odò náà, wọn ìbá ti ní kí ó dá àwọn ọmọ padà kí ó lè ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ náà? Àwọn ènìyàn gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó bí ọ̀kan nínú ìbejì, wọ́n sì ń lé ìyá wọn lọ sínú igbó. Ìwàásù kò tó láti mú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn ẹni. Janie tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ tí ó ń pọn omi, tí ó ń dáná, tí ó ń tọ́jú àwọn ìkókó, tí ibi kankan kò sì bá abúlé, ni ó ń mú un kúrò díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ó ṣe ní Okoyong.

Ní alẹ́, Slessor máa ń so àwọn ìkókó rọ̀ nínú aṣọ yí ibùsùn rẹ̀ ká, ó sì máa ń so okùn mọ́ wọn, kí ó lè máa fà á láti orí ibùsùn bí ọ̀kan bá ta jí. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, Bíbélì ni yóò kọ́kọ́ ṣí, tí yóò máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí etí ìwé. Inú owó oṣù rẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá, pẹ̀lú àpótí aṣọ tí àwọn ìjọ Scotland máa ń fi ránṣẹ́.

Èmi kò ní fi apá kan pamọ́ fún ọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìkókó tí wọ́n gbé wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pàdánù ọkọ pẹ̀lú: ó ti gbà láti fẹ́ Charles Morrison, olùkọ́ míṣọ́nnárì kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ kò gbà kí Morrison wá sí Okoyong nítorí pé ara rẹ̀ kò le, Slessor náà kò sì gbà láti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ìgbọràn. Lójú tèmi, agídí díẹ̀ wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run sì lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kú ní abúlé Use, ní oṣù Kìíní 1915, Janie àti àwọn ọmọbìnrin yòókù ni ó yí i ká.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ ìròyìn sí ilé, ẹ má ṣe fi àwọn ọmọ sí ìsàlẹ̀ ìwé bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. Ẹ kọ orúkọ wọn sí abẹ́ iṣẹ́. Ẹ kọ ẹni tí ó ń tẹ̀ lé yín lọ kí aládùúgbò, ẹni tí ó ń túmọ̀ èdè Zarma fún yín ní ọjà, àti ilé tí ẹ kì bá tí lè wọ̀ láìsí wọn. Kí Bàbá Dámilọ́lá sì sọ fún ìgbìmọ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, iye tí oúnjẹ wọn ń jẹ lóṣù, kí wọ́n yé fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ọmọ ìyá mi kan ń bọ̀ ní Niamey lẹ́yìn Àjíǹde. Mo ti di aṣọ àwọn ọmọ, gààrí àti èlùbọ́ sílẹ̀ fún un. Kọ ìwọ̀n bàtà àwọn méjì tí ó kéré jù ránṣẹ́ sí mi kíákíá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Ìbejì.