Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn

Àbúrò mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún ọ lórí àwọn àwòrán ìlòkulò ọmọdé yẹn ti pọ̀ jù, o sì fẹ́ kí n jẹ́rìí ìwà rẹ fún adájọ́. Mo máa kọ lẹ́tà náà. Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú ohun tí o ní kí n fọwọ́ sí tí mi ò ní fọwọ́ sí láéláé: pé o ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, àwòrán lásán ni o wò.

Ọmọ ènìyàn ló wà nínú àwòrán yẹn. Ẹnì kan ti ṣe é léṣe kí kámẹ́rà tó ká a sílẹ̀. Ó lè ti dàgbà báyìí, kó máa wo ojú àwọn tó ń bá pàdé, kó máa rò ó bóyá èyí náà ti rí òun. Àwọn tó ń wá irú àwòrán yìí kiri ló ń mú kí àwọn tó ń ṣe é tún ṣe òmíràn. Àwọn ilé ẹjọ́ New South Wales, ìpínlẹ̀ wa ní Australia níbí, ti sọ ọ́ léraléra pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí ń pa ènìyàn lára. Kì í ṣe iye àwòrán nìkan ni wọ́n ń kà: wọ́n ń wo ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti bí ohun tí wọ́n fi ojú wọn rí ṣe burú tó.

Mi ò ní kí o má pẹjọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, mo sì gbà pé kò yẹ kí ìyà ẹnikẹ́ni kọjá òdiwọ̀n, ohun yòówù kó ṣe. Ọjọ́ 28 ni òfin fún ọ láti gbé e kúrò ní Local Court, ilé ẹjọ́ kékeré tó dá ọ lẹ́jọ́, lọ sí District Court tó ga jù ú lọ. Adájọ́ ibẹ̀ á tún un gbé yẹ̀ wò. Ó lè dín in kù, ó sì lè fi kún un. Tó bá fẹ́ fi kún un, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ọ, kí o lè bẹ̀bẹ̀ láti fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn.

Má gbára lé ẹ̀rí pé ọmọlúwàbí ni ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni aráyé ń pè ní ènìyàn dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ kì í fi í fún un ní ìwúwo púpọ̀. Ohun tí mo máa kọ ni èyí tí mo mọ̀: pé o jẹ́wọ́, pé o ti ń lọ rí dókítà ọpọlọ kí wọ́n tó dájọ́, pé tí o bá jáde, ilé mi ni wàá bọ́ sí, kò sì sí ọmọdé kankan tí màá fi sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ.

Bí lọ́yà rẹ bá gba lẹ́tà tó rí báyìí, kó sọ fún mi kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.