Lílu wáyà kò tíì kú nílé mi

Sí Olóòtú,

Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ka lílu wáyà, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti gígùn kọ lẹ́tà ránṣẹ́ (Morse lòyìnbó ń pè é), mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Òun ni ìyàwó mi fi ń béèrè omi lójoojúmọ́.

Ọdún 1969 ni mo wọṣẹ́ ní P&T, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí lẹ́tà àti tẹligíráàmù nígbà náà, ìdí wáyà ni wọ́n sì fi mí sí. Orí káńtà ni ìyá àwọn ọmọ mi wà nígbà náà, òun ló ń gba owó tẹligíráàmù. Nígbà tí a ń fẹ́ra sọ́nà, ó ní kí n kọ́ òun ní dí (ìró kúkúrú) àti dàà (ìró gígùn), ká lè máa súfèé síra wa láìjẹ́ pé àwọn oníbàárà iwájú rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Kò ju oṣù kan lọ tó fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ọmọ dé, ẹ̀rọ tuntun dé, a pa súfèé tì.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀. Apá, ẹsẹ̀, ahọ́n, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ mọ́. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń mira. Nílé ìwòsàn tí a gbé e lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni tó ti sùn lọ. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ sọ fún mi níṣojú rẹ̀ pé, "Bàbá, màmá ò mọ nǹkan kan mọ́." Ní ọjọ́ karùn-ún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ni mo bá rí i pé ìka yẹn ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó tẹ̀ ẹ́ gùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sinmi. Gígùn méjì, ó tún sinmi. Kúkúrú méjì. Dàà dàà dàà, dàà dàà, dí dí. O, M, I. Mo sunkún tẹ́rùn kí n tó wá ife.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ O, W, O. Mo fa pọ́ọ̀sì yọ, mo rò pé wọ́n wá gba owó kan nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ọwọ́ ló ń wí! Wọ́n ti yí i lé ọwọ́ òsì rẹ̀ láti òwúrọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Òyìnbó tó gbé wáyà kalẹ̀ kò ro ti owó, ọwọ́, òwò àti ọ̀wọ̀. Onídùndún ìbá fi wá ṣẹ̀sín.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú ló lè lò ó o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti pòórá lọ́kàn rẹ̀, lẹ́tà kò lè ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá pé, tó sì lè mi ìka kan, tàbí kó ṣẹ́jú, kò yẹ ká pè é ní odi. Ní 2018, Google fi bọ́tìnnì dí àti dàà sínú Gboard, èyí tí a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù. Tania Finlayson, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò lè fẹnu sọ̀rọ̀, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Orí ló fi ń tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀. Ọmọ wa bá wa ṣí i, ṣùgbọ́n abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ti rí i. Bí ìyá rẹ̀ bá ń tẹ Yorùbá, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni fóònù ń fi lọ̀ ọ́.

A ti ń tún un ṣe fúnra wa. Fún Ọ, a fi dí kan kún dàà mẹ́ta, bí ẹni fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ti ń lò ó fún O tiwọn tó ní àmì méjì lórí. Lẹ́tà Ẹ kò gba irú ìyẹn, torí dí méjì ti di I, a bá yá ti Faransé lò: dí dí dàà dí dí. Ti ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, a fi sílẹ̀ fún òye.

Orí Ṣ ni ìjà wà. Bí a bá fi dí kan kún S, H ló dà. Mo ní ká fi dàà mẹ́rin ṣe é. Ó ní ó ti gùn jù fún ìka òun. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn òǹkàwé yín, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ wáyà tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn